Òṣìṣẹ́ oṣù ń kùn, oníṣẹ́ ọwọ́ ń ráhùn: Ta ni owó orí ń dùn jù ní Challenge?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán ní Challenge, n'Ìbàdàn, pàápàá tí oṣù bá ti ń parí lọ. Ẹ máa bá a nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Dùgbẹ̀, ẹ máa bá a lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ, ẹ tún máa bá a ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Òṣìṣẹ́ oṣù á ní ìjọba ti yọ owó orí òun kí òun tóó fojú kan owó náà, ṣùgbọ́n télọ̀ tó ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ òun lórí aṣọ kan ṣoṣo kò san kọ́bọ̀. Télọ̀ náà á dá a lóhùn pé irọ́ ni, pé ilẹ̀ kì í mọ́ kí ẹnì kan máà já tíkẹ́ẹ̀tì fún òun, àti pé òun lòun ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ òun, òun náà lòun ń ra omi. Wẹ́dà tó wà nítòsí á dá sí i, awakọ̀ á dá sí i, ọ̀rọ̀ á di bó ò lọ o yàgò.

Tí èèyàn bá fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, á rí i pé kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn, ìdajì òótọ́ ni kálukú mú dání. Ìdajì tó kù wà nínú ìwé òfin, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í débẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ sì lè ya àwọn tó ń jiyàn lẹ́nu: òṣùwọ̀n kan náà ni òfin fi wọn àwọn méjèèjì. Ọ̀nà tí owó náà ń gbà kúrò lọ́wọ́ wọn ló yàtọ̀, ìwé tí kálukú sì ní nílé ló ń sọ bó ṣe máa dùn ún tó.

ÒṢÙWỌ̀N KAN NÁÀ NI

Ká kọ́kọ́ là á yé ara wa, owó orí tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé lọ sílé àna o. Owó tí ìjọba ń gbà lórí ohun tó ń wọlé fún èèyàn ni. Àfi àwọn bíi sójà àti ọlọ́pàá, ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń gbé ló ni owó orí rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ní Challenge, tàbí Bódìjà, tàbí Agbowó, iléeṣẹ́ tó ń gbowó wọlé fún ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló máa san án fún.

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí l'ọ́jọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'ọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2026. Kó tó di ìgbà náà, òfin tí wọ́n tún ṣe l'ọ́dún 2011 ni wọ́n ń lò, orí ₦7 nínú ₦100 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tó sì ń gòkè dé ₦24. Ti ìsinsìnyí yàtọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ àwọn ohun tí òfin ní kí wọ́n yọ, ₦800,000 àkọ́kọ́ l'ọ́dún kò ní owó orí kankan. ₦2,200,000 tó bá tẹ̀ lé e, ₦15 ni wọ́n máa gbà lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan. ₦9,000,000 tó bá tún tẹ̀ lé ìyẹn, ₦18 ni. Bẹ́ẹ̀ ló ń gun òkè lọ títí tó fi dé ₦25, ìyẹn lórí owó tó bá lé ní ₦50,000,000.

Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé iye báyìí ni ti akọ̀wé, iye báyìí ni ti káfíńtà. Àkàsọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń gùn. Níbo wá ni ìyàtọ̀ ti wọlé?

ẸNI TÍ WỌ́N TI BU OÚNJẸ RẸ̀ NÍ ÌDÁNÁ

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba owó orí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ oṣù làwọn èèyàn ń pè ní PAYE. Agbanisíṣẹ́ ló ń ṣírò rẹ̀, òun ló ń yọ ọ́, òun náà ló sì ń kó o fún ìjọba. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń rí ni èyí tó ṣẹ́kù.

Ká sọ pé akọ̀wé kan wà ní iléeṣẹ́ aládàáni kan ní Ring Road, tó ń gba ₦250,000 l'óṣù. ₦3,000,000 nìyẹn l'ọ́dún. Kí wọ́n tó ṣírò owó orí rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó pẹ́ńṣàn, ₦8 nínú ₦100, ìyẹn ₦240,000 tó bá jẹ́ pé orí gbogbo owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, òfin tuntun yìí ní kí wọ́n yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tó ń san, bí ohun tí wọ́n fẹ́ yọ kò bá ṣáà ti ju ₦500,000 lọ. Tó bá jẹ́ pé ₦600,000 ló ń san fún onílé l'ọ́dún, ₦120,000 ni wọ́n máa yọ. Ohun tó kù jẹ́ ₦2,640,000. ₦800,000 àkọ́kọ́ bọ́ nínú rẹ̀, ó ku ₦1,840,000. Tí wọ́n bá gba ₦15 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, owó orí rẹ̀ l'ọ́dún jẹ́ ₦276,000. Lóṣooṣù, ₦23,000 ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀fíìsì kì í lá àlá mọ iye tí èèyàn ń san fún onílé. Akọ̀wé tí kò bá mú rìsíìtì owó ilé rẹ̀ lọ, wọn ò ní yọ ₦120,000 yẹn fún un. Owó orí rẹ̀ á di ₦294,000. ₦18,000 ti lọ báyẹn, kì í sì í ṣe ìjọba ló jí i, ìwé kan péré tí kò mú dé ọ̀fíìsì ló gbé e lọ.

Ohun mìíràn tó ń dun òṣìṣẹ́ oṣù ni pé kò sí ìnáwó tó lè fi bẹ̀bẹ̀. Owó ọkọ̀ tó ń wọ̀ láràárọ̀ láti Challenge, oúnjẹ tó ń jẹ lọ́sàn-án, aṣọ àti bàtà tó fi ń lọ síbi iṣẹ́, kò sí èyí tí wọ́n máa yọ nínú wọn. Orí gbogbo owó oṣù ni wọ́n ti ń ṣírò.

Èyí tó wá burú jù ni ti àwọn agbanisíṣẹ́ tó ń yọ owó tí wọn kì í san án. Lábẹ́ òfin tí wọ́n ti ń lò tipẹ́, kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e ló yẹ kí owó náà ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ti ń yọ owó rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta lè lọ gba ìwé ẹ̀rí owó orí nítorí ilẹ̀ tàbí kọ́ńtíráàtì, kó wá gbọ́ pé kò sí orúkọ òun nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ìwé ẹ̀rí yẹn, ti ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa ń béèrè. Òun ló jìyà, ẹlòmíràn ló jẹ owó.

ẸNI TÓ JẸ́ Ọ̀GÁ ARA RẸ̀

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sọ́dọ̀ télọ̀. Ká sọ pé ìyá kan ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Challenge, tí gbogbo owó tó wọlé fún un l'ọ́dún jẹ́ ₦7,000,000. Ẹni tó bá gbọ́ iye yẹn á ní olówó ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó san owó ṣọ́ọ̀bù, kó ra òwú àti aṣọ inú, kó ra epo sí jẹnẹrétọ̀, kó san owó iná, kó tún ẹ̀rọ ṣe, kó sì san owó àwọn tó ń bá a ránṣọ. Tí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́ ₦4,000,000, èrè rẹ̀ ni ₦3,000,000, iye kan náà tí akọ̀wé Ring Road ń gbà.

Orí èrè yìí ni òfin ní kó ti san owó orí, kì í ṣe orí ₦7,000,000. Àǹfààní ńlá tí oníṣẹ́ ọwọ́ ní, tí òṣìṣẹ́ oṣù kò ní, nìyẹn. Gbogbo ìnáwó tó bá jẹ́ ti iṣẹ́ náà gan-an, ó lè yọ ọ́ kúrò. Owó ìsìnkú àti aṣọ ẹbí kò sí nínú rẹ̀ o.

Tí òun náà bá ń san ₦600,000 fún ilé tó ń gbé, wọ́n á yọ ₦120,000 fún un. Ó ku ₦2,880,000. Yọ ₦800,000, ó ku ₦2,080,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦312,000.

Ẹ ò rí nǹkan! Télọ̀ tí akọ̀wé ń sọ pé kò san kọ́bọ̀, tó bá tẹ̀ lé òfin dáadáa, á fi ₦36,000 ju akọ̀wé lọ. Pẹ́ńṣàn ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Akọ̀wé ní ₦240,000 tí wọ́n yọ kí wọ́n tó ṣírò, télọ̀ kò ní. Yàtọ̀ síyẹn, òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ náà fi ó kéré tán ₦10 lórí ₦100 sínú àpò pẹ́ńṣàn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò fi ti télọ̀ sí i?

Ọ̀nà àbáyọ wà. Láti ọdún 2019 ni àjọ tó ń bójú tó pẹ́ńṣàn, PenCom, ti ṣílẹ̀kùn fún oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò láti máa fi owó ìfẹ̀yìntì pamọ́ fúnra wọn. Tí télọ̀ náà bá fi ₦240,000 síbẹ̀ l'ọ́dún, tí wọ́n sì yọ ọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe yọ ọ́ fún akọ̀wé, owó orí rẹ̀ á di ₦276,000. Dọ́gbadọ́gba ni òun àti akọ̀wé.

ÌWÉ KÉKERÉ TÓ Ń GBÉ OWÓ ŃLÁ

Gbogbo ìṣirò yìí dùn létí, àmọ́ ẹyọ ohun kan ló gbé e dúró: kí télọ̀ náà ní ìwé. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ní ti òṣìṣẹ́ oṣù, ọ̀fíìsì ló ń ṣírò owó orí rẹ̀ lóṣooṣù. Oníṣẹ́ ọwọ́ ló máa kọ tirẹ̀: iye tó wọlé, iye tó jáde, rìsíìtì òwú, rìsíìtì epo, ìwé owó ṣọ́ọ̀bù. Kó tó di ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdọọdún, ló gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé sí ìjọba láti sọ ohun tó wọlé fún un l'ọ́dún tó kọjá. Òfin tuntun sọ pé ẹni tí kò bá kọ ọ́, ìtanràn ₦100,000 ni fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 sì ni fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tún tẹ̀ lé e.

Ká wá sọ pé télọ̀ wa yìí kò ní ìwé kankan. Orí ló fi ń ṣírò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n yẹ àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì wò, wọ́n rí ₦7,000,000 tó wọlé. Ó ní òun náwó, wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá, kò rí nǹkan kan mú wá. Tí wọ́n bá ka gbogbo owó náà sí èrè, tí wọ́n yọ kìkì ti owó ilé àti ₦800,000 àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦1,028,400. Ẹni tó yẹ kó san ₦312,000! Ìwé àkọsílẹ̀ tí kò ju ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan lọ l'ọ́jà ló ń fi ₦716,400 ṣeré yẹn.

Òdìkejì ọ̀rọ̀ náà tún wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rán bàtà, tí wọ́n ń ta gààrí, tí wọ́n ń dirun ládùúgbò, èrè wọn l'ọ́dún kò tó ₦800,000. Òfin ní wọn kò jẹ ìjọba ní owó orí kankan. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí ìwé tí wọ́n lè fi hàn, ìbẹ̀rù ni wọ́n fi ń gbé ayé. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé fáìlì há abíyá tó sì le ojú, wọ́n á wá nǹkan fún un. Ẹni tí ìjọba ti dá sílẹ̀, àìní ìwé tún dè é padà.

TÍKẸ́Ẹ̀TÌ KÌ Í ṢE OWÓ ORÍ

Ohun tó tún ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé oníṣẹ́ ọwọ́ ń ka gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún un mọ́ owó orí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun gbé òfin jáde l'ọ́dún 1998 láti pín owó gbígbà láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀ ni wọ́n gbé owó orí àwọn aráàlú fún. Ìbílẹ̀ ni wọ́n fún ní owó ṣọ́ọ̀bù àti gáréèjì, títí kan owó kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà nítorí pé ó fẹ́ gba owó orí tàbí owó kówó.

Nítorí náà, télọ̀ tó gba tíkẹ́ẹ̀tì igba lóòjọ́ kò tíì san owó orí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ti jáde lápò rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ tí owó tó san bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó sì gba ìwé rẹ̀, ìnáwó iṣẹ́ nìyẹn, ó lè yọ ọ́ nínú èrè. Èyí tí kò ní ìwé, tí wọ́n kàn gbà lójú títì, ó ti bá odò lọ.

ÀGBẸ́KỌ̀YÀ TI JÀ Á RÍ

Ọ̀rọ̀ pé kí ìjọba máa fojú díwọ̀n ohun tó wà lápò ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ti da Ìbàdàn rú rí. Láàárín ọdún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ yarí nígbà tí Adéyínká Adébáyọ̀ jẹ́ gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn tó ń gba owó oṣù ń san bí owó wọn ṣe tó, àgbẹ̀ ní tirẹ̀, iye kan ni wọ́n bù fún un, ì báà jẹ́ pé kòkó so, ì báà jẹ́ pé kò so. Táfà Adéoyè, ará Àkànrán, wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn. Ọgbọ̀n ṣílè ni wọ́n ní àwọn lè san. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, àfìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sí i l'ọ́dún 1969 kí ọ̀rọ̀ tóó rọlẹ̀, tí ìjọba sì dín owó náà kù sí pọ́ùn méjì.

Lára ohun tó bí àwọn àgbẹ̀ yẹn nínú ni pé wọn kò fi ohun tó wọlé fún wọn gan-an díwọ̀n owó orí wọn. Òfin tó wà nílẹ̀ báyìí ti ní kí wọ́n fi ohun tó wọlé díwọ̀n rẹ̀. Ó ku kí oníṣẹ́ ọwọ́ lè fi ohun tó wọlé fún un hàn.

ÌLÚ ÒYÌNBÓ NÁÀ KÒ YÀTỌ̀

Àwọn tó rò pé Nàìjíríà nìkan nirú èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ọ̀sì tó ń gba owó oṣù níbẹ̀, PAYE ni wọ́n fi ń yọ tirẹ̀. Awakọ̀ takisí tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ti ara rẹ̀ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó di ọjọ́ 31, oṣù kìn-ín-ní, kó sì tọ́jú ìwé rẹ̀ fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ náà. £12,570 àkọ́kọ́ l'ọ́dún kò ní owó orí fún àwọn méjèèjì. Ní Amẹ́ríkà, owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú arúgbó tí òṣìṣẹ́ ń dá ìdajì rẹ̀, tí agbanisíṣẹ́ ń dá ìdajì tó kù, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń dá méjèèjì, $15.30 lórí $100. Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀, òun náà ni akọ̀wé ara rẹ̀.

KÍ NI KÁ ṢE?

Òṣìṣẹ́ oṣù, ẹ mú rìsíìtì owó ilé yín lọ sí ọ̀fíìsì. Ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé owó tí wọ́n ń yọ ń dé ọ̀dọ̀ ìjọba, ẹ má dúró di ọjọ́ tí ẹ bá nílò ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá tún ń ta aṣọ tàbí tó ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì lẹ́yìn iṣẹ́, kó rántí pé PAYE kò kan ìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ ro èrè tibẹ̀ pọ̀ mọ́ owó oṣù rẹ̀, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ 31, oṣù kẹta.

Oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ ra ìwé lónìí. Ẹ kọ ohun tó wọlé sí apá kan, ẹ kọ ohun tó jáde sí apá kejì, alaalẹ́ kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ya àkáǹtì iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé, kí owó àjọ àti owó tí àbúrò fi ránṣẹ́ má baà di èrè lójú ìjọba. Bí iléeṣẹ́ kan bá gbéṣẹ́ fún yín tí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó yín pé ti ìjọba ni, ẹ gba ìwé rẹ̀, nítorí owó orí tí ẹ ti san sílẹ̀ ni, wọ́n á yọ ọ́ nínú gbèsè yín. Báńkì nìkan sì ni kí ẹ ti san owó orí, ẹ má kó o lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìjọba, òun náà ní gbèsè tirẹ̀ láti san. Ó rọrùn láti máa yọ owó ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé owó oṣù. Kí wọ́n wá kọ́ ìyá oníṣọ́ọ̀bù bí yóò ṣe kọ ìwé rẹ̀ ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n lé àwọn ayédèrú agbowó kúrò lójú títì, kí aráàlú sì rí ohun tí owó náà ń ṣe, iṣẹ́ ibẹ̀ nìyẹn. Títí wọ́n á fi ṣe é, akọ̀wé á máa rò pé télọ̀ ń yan òun jẹ, télọ̀ náà á máa rò pé ìjọba ń yan òun jẹ, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń jẹ àwọn méjèèjì kò ju rìsíìtì tí wọ́n ju nù lọ.